Kí Ọmọ Tó Gbẹ: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Òbí àti Olùkọ́ lórí Àìsàn Ìjẹun

Bí ẹnikẹ́ni bá wá síbí nítorí ọmọ tí kì í fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́, kó fọkàn balẹ̀. Ọmọ yẹn kò ní nǹkan kan, ẹ̀fọ́ ni kò fẹ́. Ọmọ tí mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń fi yangàn láàárín ẹgbẹ́: “Ọmọ tèmi kì í jẹ ìpápánu. Kì í jẹun alẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbààwẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un.” Ìwé rẹ̀ ń lọ dáadáa, kì í fa wàhálà, ó sì ti gba oúnjẹ sísè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pátápátá.

Àìsàn ìjẹun kì í wọlé bí àìsàn. Aṣọ ọmọlúàbí ló máa ń wọ̀ wọlé: ìkóra-ẹni-níjàánu, ìfọkànsìn, eré ìdárayá, ìtọ́jú ara. Ìdí nìyẹn tí òbí tó lójú gan-an fi lè bá a gbélé fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ ṣe ni ká kọ́ bí a ṣe ń wo ohun tó ń yí padà lára ọmọ, ká yéé dúró de ìgbà tí egungun bá yọ. Kó tó di pé egungun yọ, àìsàn náà ti pẹ́ nílé.

Àwọn kan yóò ní íntánẹ́ẹ̀tì ló bí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1689, dókítà kan ní London tó ń jẹ́ Richard Morton kọ ìwé lórí àwọn àrùn tó ń mú ènìyàn gbẹ. Láàárín ọ̀pọ̀ tí ikọ́ ife ń pa, ó rí àwọn méjì tí kò ní ibà, tí kò wúkọ́, síbẹ̀ tí wọ́n ń rù lójoojúmọ́: ọmọbìnrin ọmọ ọdún 18 àti ọmọkùnrin ọmọ ọdún 16. Ọmọbìnrin náà kọ ìtọ́jú, ó sì kú. Ọmọkùnrin náà gbà láti fi ìwé kíkà sílẹ̀, ó lọ sí ìgbèríko, ó ń mu mílíìkì, ara rẹ̀ sì bọ̀ sípò. Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin ni ìkejì, nítorí títí dòní a ṣì ń rò pé obìnrin nìkan ni ó ń ṣe. Ní 1873, William Gull ní London àti Charles Lasègue ní Paris ṣàpèjúwe àìsàn kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gull ló sọ ọ́ ní anorexia nervosa. Ní 1979 ni Gerald Russell, dókítà ọpọlọ ní London, ṣàpèjúwe bulimia nervosa: ẹni náà á jẹ àjẹjù ní kọ̀rọ̀, á wá fi ìka ti ọ̀fun bì í, tàbí kó lo oògùn ìyàgbẹ́.

Méjì mìíràn tún gba àyè tiwọn nínú ìwé ìlànà àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ní 2013. Ọ̀kan ni àjẹjù tí kò ní èébì lẹ́yìn, tí ìtìjú rẹ̀ sì ń jẹ ọmọ náà lọ́kàn. Èkejì kò kan sísanra tàbí rírù rárá: ọmọ ń sá fún oúnjẹ nítorí bó ṣe rí lẹ́nu, nítorí òórùn rẹ̀, tàbí nítorí pé oúnjẹ ti há a lọ́fun rí. Àwọn ọmọ tó ní autism pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí, lílù kò sì wo ọ̀kankan nínú wọn sàn rí.

Nílé wa ńkọ́? Láti 1981 ni ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Britain ti gbé ọ̀rọ̀ anorexia ní Nàìjíríà jáde. Àwọn ènìyàn gbà pé nígbà tí Yorùbá ti ka ara tó kún sí àlàáfíà, àìsàn yìí kò lè rí ọ̀nà wọlé. Irú èrò bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ní ní erékùṣù Fiji, níbi tí ara tó kún ti jẹ́ ẹwà. Tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè Nadroga níbẹ̀ ní 1995. Anne Becker, dókítà ọpọlọ láti Harvard, bi àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama léèrè lọ́dún náà, kò sì rí ẹyọ kan tó ń mọ̀ọ́mọ̀ bì kó lè tẹ́ẹ́rẹ́. Ní 1998 ó padà lọ bi àwọn tó wà ní ọjọ́ orí kan náà: nǹkan bí 11 nínú 100 ló ń ṣe é. Àwa náà sì ti ní “lẹ́pa” àti “ọ̀rọ́bọ” lẹ́nu báyìí, a fi ń kọrin, a fi ń ṣàwàdà. Ìyá kan náà tó ń rọ ọmọ pé kó bu ẹ̀bà kún ẹ̀bà ló máa kéde lóde àríyá, lójú ẹbí, pé aṣọ ẹbí kò gbà á mọ́, ta ló máa fẹ́ ẹ? Ọmọ náà gbọ́ méjèèjì.

Síbẹ̀ n kò fara mọ́ ẹni tó bá ní fóònù nìkan ló ń fà á, tàbí ẹnu ìyá nìkan. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń wo fóònù kan náà, díẹ̀ nínú wọn ló ń ṣàìsàn. Ní 2019, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ àbùdá àwọn tó ti ní anorexia wò, ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17,000. Ibi 8 ni wọ́n rí lára àbùdá tó kan àìsàn náà, ohun tí wọ́n rí sì fi hàn pé ó bá ọ̀nà tí ara ń gbà lo oúnjẹ tan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn nìkan. Ìyá tó ti ń ro ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀, kó dákẹ́ ẹkún. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún un.

Ìtàn tó là mí lójú jù lórí ọ̀rọ̀ yìí kò kan aláìsàn rárá. Ní òpin 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà kó ọ̀dọ́mọkùnrin 36 jọ, àwọn tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn. Ọpọlọ wọn pé, ara wọn le. Fún ọ̀sẹ̀ 24 ó dín oúnjẹ wọn kù sí nǹkan bí ìdajì. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ fi gba gbogbo ọkàn wọn. Àwọn tí kò bìkítà fún ilé ìdáná rí bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé oúnjẹ sísè. Wọ́n ń lá àwo. Wọ́n ń fi oúnjẹ kékeré ṣeré títí yóò fi tutù, kó má bàa tètè tán. Òtútù ń mú wọn níbi tí kò ti mú ẹlòmíràn. Wọ́n ń bínú lórí ohun tí kò tó nǹkan, wọ́n ń yẹra fún ọ̀rẹ́, inú wọn bàjẹ́. Nígbà tí oúnjẹ padà dé, àwọn mìíràn nínú wọn ń jẹ, wọn kò mọ ìgbà tí àwọn yó. Ẹ rántí pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó fẹ́ rù.

Ẹ wá wo ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 tó ń se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fún gbogbo ilé, tó ń dúró tì wọ́n kí wọ́n jẹ ẹ́ tán, tí òun kò sì ní tọ́ ọ wò. Ẹ wo bó ṣe ń gé ẹran kan ṣoṣo sí wẹ́wẹ́, tó ń tì í káàkiri inú àwo. Ẹ wo bó ṣe ń fi ìbínú dá àbúrò rẹ̀ lóhùn, tó sì jẹ́ pé oníwà tútù ni tẹ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní agídí tàbí ìgbéraga, ebi ló ń ṣe é. Ebi ń pa ọmọ náà lójoojúmọ́. Ẹ̀rù oúnjẹ ló ju ebi náà lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má bá ọpọlọ tí ebi ń pa jiyàn. Oúnjẹ ni oògùn àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ á tẹ̀ lé e.

Àwọn àmì mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó ń gbélé nìkan ló lè rí i. Ọmọ náà á ní òun ti jẹun nílé ẹ̀kọ́, olùkọ́ á sì gbà pé ó jẹun nílé. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ̀ yín kí òbí àti olùkọ́ jọ wà níbí. Kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jẹun nínú abọ́ kan náà mọ́. Bó bá ti jẹun tán, ilé ìwẹ̀ ló kàn, omi á sì máa dà gbọ̀ọ̀ kí a má bàa gbọ́ nǹkan kan. Ó ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn oṣù March, nítorí òtútù àti nítorí ká má bàa rí ara rẹ̀. Irun orí ń já, irun wẹ́wẹ́ kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ń hù lápá àti lẹ́yìn. Nǹkan oṣù dáwọ́ dúró, ohun tí ìyá sì kọ́kọ́ rò ni oyún, ìjà á wá bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tí kò sí. Lára ẹni tó ń bì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè wú bíi ti ẹni tí ṣegede mú, eyín á máa jẹrà, àpá á wà lẹ́yìn ìka ọwọ́ níbi tí eyín ti ń ha á. Ẹ lè rí búrẹ́dì tó pòórá nínú ilé, kí ẹ rí láílọ́ọ̀nù rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ yẹn ni ilé máa ń pè ní wọ̀bìà, tàbí olè. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó pè é bẹ́ẹ̀.

Ti ọkùnrin yàtọ̀ díẹ̀. Kì í sábà ní òun fẹ́ rù. Igẹ̀ àti apá ló ń wá, ikùn tó pín sí mẹ́fà. Ẹyin tútù, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ omi láti jíìmù, sáré àárọ̀, sáré alẹ́, kó sì máa ṣàárẹ̀ nínú kíláàsì. Bàbá rẹ̀ á ní ọmọ òun ti ń di ọkùnrin.

Ti oògùn ìyàgbẹ́, mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Yálà ti kẹ́míìsì ni tàbí àgbo ewé àsùnwọ̀n, omi àti iyọ̀ ara ló ń kó jáde. Agbára inú oúnjẹ ti wọ ara kó tó dé ibi tí oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́. Potassium wà lára ohun tó ń bá a lọ, òun ló sì ń mú kí ọkàn máa lù déédéé. Bákan náà, ọmọ tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń gún insulin lè máa fo abẹ́rẹ́ kó lè rù. Ìyẹn lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ dókítà ti ń ṣìnà. Àgbàlagbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà fún ọdún kan, ara rẹ̀ dúró déédéé. Ọmọ ọdún 12 tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà fún ọdún kan ti ń pàdánù, nítorí pé dídàgbà ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò pọn dandan kó rù kó tó ṣàìsàn. Yunifọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ lè sọ fún yín: èyí tí ẹ rán lọ́dún tó kọjá yẹ kó ti kúrú, kó ti fún. Bó bá ṣì gbà á dáadáa, ẹ bi ara yín léèrè. A máa ń tọ́jú káàdì ìwọ̀n ọmọ ọwọ́ bí ẹni tọ́jú ìwé ilẹ̀, kó tó pé ọdún mẹ́fà a ti sọ ọ́ nù. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì máa wọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún títí tó fi máa parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Àmọ́ ẹ má ra òṣùwọ̀n sílé o. Ọmọ tó ń ṣàìsàn yìí á gùn ún nígbà mẹ́wàá lójúmọ́.

Èyí tó burú jù ni ti ọmọ tó sanra. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rù, gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́. Ìyá ìjọ ń bi í léèrè ohun tó lò. Ọmọ náà lè ti fi ìdámẹ́ta ara rẹ̀ sílẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, kí ọkàn rẹ̀ máa lọ́ra lù, kó máa dá kú lórí ìlà àárọ̀, síbẹ̀ kí ojú má rí egungun kankan. Ìwọ̀n tó kù lára rẹ̀ kò ní fi ewu náà hàn. Bó ṣe yára rù tó, àti ohun tó ṣe kó tó rù, ni kí ẹ béèrè.

Mo mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa le ni ààwẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní fò ó. Kì í ṣe pé mo ní kí ọmọ má sin Ọlọ́run. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọmọ tí kò tíì bàlágà kò sí lábẹ́ ọ̀ranyàn ààwẹ̀ Ramadan, a sì yọ aláìsàn kúrò. Nínú òfin Ìjọ Àgùdà, ọdún 18 ni ọ̀ranyàn ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Catherine ti Siena, ẹni mímọ́ tí gbogbo Àgùdà mọ̀, kú ní 1380 ní ọmọ ọdún 33 lẹ́yìn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹun mọ́. Àwọn àlùfáà tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ gan-an pàṣẹ fún un pé kó jẹun. Aṣáájú ẹ̀sìn lè ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wúwo ju ti dókítà lọ létí ọmọ. Ohun tí mo máa ń wò ni ìṣínu. Ọmọ tí ara rẹ̀ le tó gbààwẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára aago. Ó ti mọ iye àkàrà tó fẹ́ jẹ. Èyí tó fo sààrì, tó fo ìṣínu, tó ní òun fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta kún un nígbà tí gbogbo ilé ti parí, ohun mìíràn ló ń bá a jà.

Nílé tí owó kò sí ńkọ́? Níbẹ̀ ni ó rọrùn jù fún àìsàn yìí láti sá pamọ́, nítorí ọmọ tó ní “ẹ jẹ́ kí àbúrò mi jẹ tèmi” ni gbogbo ènìyàn máa ń ṣàdúrà fún. Ẹ wò ó lọ́jọ́ tí oúnjẹ bá pọ̀.

Ní 1999, àwọn dókítà kan ní London gbé ìbéèrè márùn-ún jáde tí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà lè fi yẹ ọ̀rọ̀ wò. Ṣé o máa ń mọ̀ọ́mọ̀ bì nígbà tí ikùn bá kún ọ jù? Ṣé ó ń dà ọ́ láàmú pé o kò lè kó ara rẹ níjàánu lórí ìwọ̀n tí ò ń jẹ? Ṣé o ti fi ohun tó lé ní kílò 6 rù láàárín oṣù mẹ́ta? Ṣé o gbà pé o sanra nígbà tí àwọn ènìyàn ń sọ pé o ti gbẹ? Ṣé oúnjẹ ló ń darí ayé rẹ? Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí méjì, kó lọ rí dókítà. Ọmọ lè purọ́, ọmọ kékeré sì lè má mọ ohun tí wọ́n ń bi í, nítorí náà bẹ́ẹ̀ kọ́ márààrún kò túmọ̀ sí pé ara dá.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà bá a sọ ọ́ ṣe pàtàkì. Ẹ má sọ ọ́ lójú àbúrò rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, ẹ má sì dárúkọ ara rẹ̀ rárá. Bí ẹ bá sọ fún un pé ó ti gbẹ, inú rẹ̀ á dùn. Ohun tó ń wá nìyẹn. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: “Mo rí i pé o kì í jókòó tì wá jẹun mọ́. O tún ti ń sunkún lóru. Ẹ̀rù ń bà mí. N kò bínú sí ọ.” Ó lè sẹ́, ó lè bínú. Ẹ má torí ìyẹn padà sẹ́yìn.

Àwọn ohun kan wà tí kì í dúró di ọ̀la: ọmọ tó dá kú, ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ń lù kéré sí 50 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò sùn, èyí tó ń bì ẹ̀jẹ̀, èyí tí kò jẹ tí kò mu fún ọjọ́ mélòó kan, èyí tó ń sọ pé òun ìbá ti kú. Nínú àwọn tí anorexia ń pa, ìwádìí ti fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló pa ara rẹ̀. Ẹ má sì dá bẹ̀rẹ̀ sí í kó oúnjẹ ńlá ti ọmọ tó ti gbẹ gan-an o. Phosphate inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì kí ọkàn dáwọ́ dúró. Ó pa àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun tí ebi ti lù nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ọpọlọ ní London, bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní 1954: aláìsàn kì í dá wá. Ìbátan rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí wọ́n jọ máa gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ìbátan yẹn máa se oúnjẹ fún un. Nígbà yẹn ní ilẹ̀ òyìnbó, ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó ní anorexia ni pé kí wọ́n yọ òbí rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Gull fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ pé àwọn ẹbí ni olùtọ́jú tó burú jù. Ní 1987 ni àwọn dókítà ilé ìwòsàn Maudsley ní London, Gerald Russell wà lára wọn, tẹ ìwádìí lórí aláìsàn 80 jáde. Ọmọ tí àìsàn náà mú kó tó pé ọdún 19, tí kò sì tíì lò tó ọdún mẹ́ta lára rẹ̀, ìtọ́jú tó fi ẹbí sí i ló ṣe é láǹfààní jù. Láti ibẹ̀ ni ìlànà tí wọ́n ń lò káàkiri báyìí ti wá: òbí gba àṣẹ oúnjẹ padà pátápátá, wọ́n bu ú, wọ́n jókòó tì í títí tó fi jẹ ẹ́ tán, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, pẹ̀lú ìpápánu láàárín. Bí ara bá ti ń bọ̀ sípò, wọ́n á dá àṣẹ náà padà fún ọmọ díẹ̀díẹ̀. Ó ń gba oṣù púpọ̀. Ìyá àgbà tó lè jókòó ti ọmọ fún wákàtí kan láì pariwo wúlò níbẹ̀ ju oògùn lọ.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Peckham tàbí Camberwell, Maudsley kò jìnnà sí wọn, ìlànà ìlera England sì ni pé kí ọmọ tí tirẹ̀ le bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn yòókù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Níbí, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ọmọdé. UCH wà n'Íbàdàn, Aro wà, ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá náà wà. Mo mọ̀ pé orúkọ méjì tó gbẹ̀yìn ń ba yín lẹ́rù, pé ẹ ń ro ohun tí aládùúgbò máa sọ. Aládùúgbò kò ní bá yín sin ọmọ.

Kí ẹ tó lọ, ẹ wá ìwọ̀n àtijọ́ èyíkéyìí tí ẹ bá rí, ẹ mú fọ́tò ọdún tó kọjá dání, ẹ kọ ohun tí ọmọ náà jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ láì fi hàn án. Dókítà á kọ́kọ́ wá ikọ́ ife, ìtọ̀ ṣúgà, gẹ̀gẹ̀, ọgbẹ́ inú àti kòkòrò HIV, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè dára lára ọmọ tó wà nínú ewu ńlá. Bó bá wò ó fìrí tó ní kò rù, pé ó máa dàgbà kúrò níbẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́ pé kó ka lílù ọkàn rẹ̀ nígbà tó dùbúlẹ̀ àti nígbà tó dìde, kó wọn ìfúnpá rẹ̀, kó yẹ potassium àti phosphate wò, kó kọ gbogbo rẹ̀ sínú káàdì, kó sì fọwọ́ sí i. Ó ṣòro fún dókítà tó bá ti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ní kí ẹ máa lọ sílé.